Àgbélébùú Inú Awò Ìbọn, àti Ohun Tí Fọlárìn Ní Òun Rí

Ní ọjọ́ tí ìjọ wa pe àwọn àgbà láti bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, Fọlárìn ló kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òun lòun yan àgbélébùú tó sọ ilé iṣẹ́ awò ìbọn wa di olókìkí ní Houston. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé àpò mi lé itan. Nígbà tí Pásítọ̀ ní kí n dìde kí n sọ díẹ̀, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun ò dùn mí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ni kò ṣeé sọ láàárín orin méjì. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ ti gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ tèmi, kí ẹ tó mú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe.

Tíṣà físíìsì ni mí nílé kí n tó bá ọkọ mi wá sí ìlú yìí. Mo gba oyè yunifásítì, mo kọ́ àwọn ọmọ tó di dókítà. Ní Houston, wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi bí ẹni ń wo èso tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní kí n lọ máa tọ́jú ọmọ ní daycare. Lọ́jọ́ kan mo rí ìkéde lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kékeré kan nítòsí Sharpstown pé wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo wọlé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹ lè mọ ohun tí Fọlárìn kò mọ̀. Awò ìbọn ni ọ̀pá kékeré tí ọdẹ ń dè mọ́ orí ìbọn, tí ó ń fi ojú kan wò, kí ẹran tó wà lọ́nà jíjìn lè dà bí èyí tó wà nítòsí. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àgbélébùú là ń pè é. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ọta máa lọ. Láyé ìgbà náà, nínú ọ̀pọ̀ awò tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe pé wọ́n ya ìlà yẹn sára gíláàsì. Wáyà ni, wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí à ń fi ọwọ́ nà sórí òrùka kékeré kan, tí à ń fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ bi mí nígbà kan pé, "Arábìnrin, ṣé àgbélébùú Jésù lẹ ń fi sínú ìbọn?" Mo ní, "Mà, ti Jésù nípọn ju èyí lọ." Ó pẹ́ kó tó tún kí mi.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, tó sì kọ́ mi, ni Mísítà Emil, arúgbó òyìnbó kan tí ìran wọn ti ilẹ̀ Jámánì wá. Àwọn ló sọ mí ní Tíṣà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó le. Ẹ ò tíì rí ọ̀gá. Mísítà Emil kò jẹ́ kí n fi ìpara pa ọwọ́, kí n lo lọ́fínńdà, kí n sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. Gíláàsì ni mo ń nù. Bí mo bá nù ún tán, wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà fún mi láìla ẹnu. Nígbà tí mo wá bọ́ sórí wáyà, mo máa ń sé èémí kí n tó lè na ẹyọ kan. Wọ́n á há awò kékeré wọn mọ́ ìpéǹpéjú, wọ́n á wo iṣẹ́ mi, wọ́n á sì fi ẹ̀mú já a.

"Kí ló burú nínú rẹ̀, sà?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi."

"Mi ò rí àbùkù kankan, sà."

"Ohun tó jẹ́ kí n já a nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá rí i ṣáájú mi, mi ò ní já a mọ́."

Mo máa ń sunkún nínú ọkọ̀ lórí Southwest Freeway, èmi tí mo ti ń jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sunkún. Tó bá di àárọ̀, mo ti padà sórí àga.

Ohun kan wà tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn tó ju wáyà lọ. Bí oníbàárà bá wá, Mísítà Emil kì í bi í pé irú àgbélébùú wo ló wù ọ́. Wọ́n á ní, "Kí lo fẹ́ pa? Ibo lo máa dúró sí? Báwo ni ojú ọ̀run ṣe máa rí nígbà yẹn?" Ẹni tó bá ní àgbọ̀nrín ni, lórí pápá gbalasa, lọ́sàn-án, wọ́n á fún un ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní inú igbó ni òun ń lọ, wọ́n á fún un ní èyí tó nípọn, tàbí èyí tó dúró bí òpó kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn á bínú pé bí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe ń bi òun. Wọ́n á tún bi í ní ìbéèrè náà.

Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun funfun kan bo ẹyinjú wọn bí ìrì ṣe ń bo gíláàsì ọkọ̀ láàárọ̀. Ìgbà yẹn ni Fọlárìn dé.

Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ó kàwé nípa òwò títà, ó sì ń wọ kóòtù tí àwọn tó ń jẹun ní Galleria, ọjà àwọn olówó, ń wọ̀. Wọ́n fi í sẹ́nu káńtà kó máa tajà. Inú mi dùn lọ́jọ́ tó dé. Mo gbé oúnjẹ wá fún un. Ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó sì ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n kí lobìnrin ń ṣe nídìí ìbọn? Àwọn daycare tó wà ní Alief ò ha tó?" Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé oúnjẹ wá mọ́.

Fọlárìn pa ìbéèrè Mísítà Emil rẹ́. Ó to awò sórí káńtà, ó ní kí oníbàárà wo ògiri funfun tó wà ní iwájú, kó mú èyí tó wù ú. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni gbogbo wọn ń mú. Lára ògiri funfun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́wà bí ohun tí ẹnjiníà yà.

Mo bi í pé, "Fọlárìn, ta ló ń lọ dọdẹ ògiri?"

Ó ní, "Àǹtí, ìbéèrè Bàbá yẹn ń lé kọ́sítọ́mà. Èèyàn wá rajà, ẹ ń ṣe é bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́. Ẹ jókòó ti wáyà yín."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè ti gbọ́ nípa ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìlú yìí. Ilé ń ṣófo, ìsọ̀ ń tì. Ọkọ mi pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ epo, iṣẹ́ tèmi nìkan ló kù nínú ilé. Àkókò yẹn ni Fọlárìn wá ń sọ sí Mísítà Emil létí pé kí wọ́n gbé tábìlì wáyà kúrò, kí wọ́n máa ra awò tí wọ́n ti ṣe tán láti ibòmíràn. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà gbọ́. Bí tábìlì yẹn bá lọ, èmi náà ti lọ nìyẹn. Mísítà Emil ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibi tí a dé rèé nígbà tí Mísítà Harlan wọlé. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní pápá màlúù ńlá lẹ́yìn ìlú, ìmàdò sì ti sọ pápá náà di tiwọn. Àwọn baba wa ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Ní Texas, ó ti ń bà á jẹ́ ná. Ó fẹ́ awò fún ìbọn gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí agbára rẹ̀ kéré tó sì ṣeé yí. Òrùka kan wà lára irú awò bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá yí i wálẹ̀ pátápátá, ohun tí ẹ máa rí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ohun tí ojú lásán rí lọ, ẹ ó sì rí igbó tọ̀tún tòsì, nítorí ìmàdò kì í jìnnà kó tó yọ sí èèyàn. Tí ẹ bá yí i sókè, ẹran tó ti sá dé òdìkejì pápá á tún súnmọ́ yín. Awò tó dára fún ohun tó fẹ́ ni. Àgbélébùú tó máa wà nínú rẹ̀ ló kù.

Fọlárìn mú un lọ sí pápá ìdánrawò ní ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé bébà funfun síwájú, wọ́n yí òrùka dé òkè pátápátá, wọ́n wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mú bí abẹ. Mísítà Harlan ní òun gbà. Fọlárìn padà dé, ó ní kí n fi wáyà tó tín-ín-rín jù sí gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Ìgbà wo ni ìmàdò ń jáde?"

"Àǹtí, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde, inú igbó ẹ̀gún ló ń gbà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa yí òrùka sí. Nínú irú awò yìí, iwájú ni àgbélébùú wà, ó ń tóbi bí ẹran ṣe ń tóbi, ó sì ń kéré bí ẹran ṣe ń kéré. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní òkè, òwú aláǹtakùn ni yóò jẹ́ ní ìsàlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú wíríwírí, kò sí mọ́. Jẹ́ ká lo ẹlẹ́sẹ̀ nípọn: kí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípọn láti etí wá, kí àárín nìkan tẹ́ẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀, apá rẹ̀ á dúró bí òpó ẹnu ọ̀nà, ojú á mọ ibi tó máa gbà wọlé. Lókè, àárín rẹ̀ kò ní bo ẹran mọ́lẹ̀."

Ó wò mí. "Àǹtí, ẹ ti yìnbọn rí?"

"Rárá."

"Ẹ ti rí ìmàdò rí?"

"Mo ń rí ọ lójoojúmọ́."

Ọ̀dọ̀ Mísítà Emil ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, oníbàárà ti fojú ara rẹ̀ rí i." Mo na wáyà náà bí wọ́n ṣe ní kí n nà á, mi ò sì ba ẹyọ kan jẹ́, nítorí bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù lórí tábìlì mi nìkan ni mo ṣe ní ẹlẹ́sẹ̀ nípọn, tí mo tì í sínú àpótí irinṣẹ́ mi.

Kò pẹ́ tí olórí àwọn òṣìṣẹ́ Mísítà Harlan fi wọ inú igbó lọ ní ìrọ̀lẹ́. Akọ ìmàdò kan yọ sí i. Ó gbé ìbọn sójú. Ó rí ẹran, kò rí àgbélébùú. Ibi tó ti ń wá a ni ìmàdò náà ti já lù ú, tí eyín rẹ̀ ya ọkùnrin náà nítan. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń tiro.

Mísítà Harlan kó gbogbo awò náà sínú kúlà tí wọ́n fi ń gbé bíà lọ sóko, ó gbé e ka orí káńtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ẹ gba ẹrù yín," ló ní.

Fọlárìn ò tiẹ̀ mí. Ó ní, "Sà, ẹ má bínú. Obìnrin tó ń na wáyà ló fi èyí tó tín-ín-rín ju èyí tí ẹ yàn lọ sí i. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ká gbé tábìlì yẹn kúrò."

Mísítà Emil yí ojú wọn tó ti ṣú sí ọ̀dọ̀ mi. "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Sà, wáyà tí Fọlárìn ní kí n fi sí i ni mo fi sí i. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ má sì gba tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀, ká jáde lọ wò ó."

"Tó bá jẹ́ àbùkù ọwọ́ rẹ ni, tábìlì náà á kúrò lọ́la."

"Mo gbà, sà."

Mísítà Harlan jókòó, ó ní òun á dúró. Mo gbé awò kan nínú kúlà náà lọ sórí tábìlì mi, mo tú u, mo tún un dè, mo dá a padà. Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo ń ṣe. Ta ló ń wo ẹni tó ń na wáyà?

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa, igbó kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò. Nígbà tí ojú ọ̀run ti di àwọ̀ eérú, mo ní kí Fọlárìn bọ́ kóòtù rẹ̀.

Ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí àwọn òyìnbó má baà gbọ́: "Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ ní ìtìjú. Níwájú àwọn wọ̀nyí? Ẹ mọ ibi tí mo ti rà á?"

Mo ní, "Ìmàdò la nílò. Kóòtù rẹ ló dúdú jù níbí. Bọ́ ọ."

Mo fi kóòtù náà kọ́ sára ẹ̀gún. A ò gbé ìbọn kankan dání, awò lásán ni. Mísítà Harlan mú ọ̀kan nínú tirẹ̀, ó yí òrùka wálẹ̀ pátápátá. "Mo rí kóòtù," ló ní. "Mi ò rí nǹkan mìíràn." Ó yí i sókè. "Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù ti kún ojú mi, mi ò mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí."

Fọlárìn ní ó lè jẹ́ pé ojú ló rẹ ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ní kí wọ́n fún òun. Mo na ọ̀kan sí i. Ó gbé e sójú, ó fẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀ bí ọdẹ.

"Ó wà níbẹ̀," ló ní. "Kedere. Àárín gbùngbùn kóòtù ló dúró sí."

"Ìlà méjèèjì?" mo bi í.

"Ìlà méjèèjì."

"Fọlárìn, wò ó dáadáa."

"Àǹtí, mo ní mo rí i. Ojú yín ló ń dàgbà."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò épúrọ́ọ̀nù mi, mo mú òrùka kékeré kan jáde, mo sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Mísítà Emil. "Sà," mo ní, "àgbélébùú awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rèé. Mo ti yọ ọ́ lọ́sàn-án. Kò sí nǹkan kan nínú ohun tó ń wò."

Mísítà Emil fi ọmọ ìka rọra yí etí òrùka náà ká, wọ́n kan ibi tí àtè wà. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn rí. Mísítà Harlan gba awò náà lọ́wọ́ Fọlárìn, ó wo inú rẹ̀, ó wá wo Fọlárìn fúnra rẹ̀ pẹ́ ju bí ó ṣe wo awò lọ.

Mo wá gbé ẹlẹ́sẹ̀ nípọn tí mo ti tì sínú àpótí jáde. Mísítà Harlan wò ó nísàlẹ̀. "Òun rèé." Ó yí i sókè. "Ó ṣì wà." Ó ní kí n ṣe gbogbo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mísítà Emil ní kí n gbé e wá fún àwọn náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó ṣì ríran díẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo rí apá rẹ̀." Ojú tí ìrì ti bò rí i. Fọlárìn ń já kóòtù rẹ̀ kúrò lára ẹ̀gún nígbà náà, aṣọ inú rẹ̀ sì ti fà ya.

Lọ́jọ́ kejì, Mísítà Emil mú Fọlárìn kúrò lẹ́nu káńtà, wọ́n gbé aṣọ ìnugíláàsì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi kó máa nù. Wọ́n á gbé gíláàsì tó nù sójú fèrèsé, wọ́n á dá a padà láìla ẹnu, bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi. Èmi fara dà á. Òun kò lè fara dà á títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ó lọ ń ta mọ́tò.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Èmi fẹ́nì kan jẹ. Ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń tì ni Mísítà Harlan ń kó àwọn ẹlẹ́ran ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá wa, tí wọ́n tò lẹ́nu káńtà tí wọ́n ń béèrè obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ nípọn. Mo mú ìbéèrè Mísítà Emil padà, ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn kó máa lọ. Owó ilé iṣẹ́ yẹn ló gbé ọkọ mi padà sílé ìwé títí ó fi rí iṣẹ́ mìíràn, tó gbé wa kúrò ní ilé àyágbé lọ sí ilé tiwa ní Alief.

Nígbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Mísítà Emil, wọ́n padà wá sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n há awò kékeré wọn mọ́ ìpéǹpéjú, wọ́n mú òrùka tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na wáyà sí, wọ́n sì gbé ẹ̀mú. Kí wọ́n tó fi kàn án, mo ní, "Sà, apá òsì ò tọ́ tán." Mo gba ẹ̀mú lọ́wọ́ wọn, mo já a fúnra mi. Wọ́n gbé awò kúrò lójú. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà, ọwọ́ mi ló sì wà títí wọ́n fi kú, títí èmi náà fi fẹ̀yìn tì.

Irinṣẹ́ yí padà. Wáyà lọ, ìlà tí ẹ̀rọ fín sára gíláàsì dé, iná kékeré tó ń tàn pupa láàárín àgbélébùú tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì ṣàárò wáyà. Ẹ̀yìn mi ò jẹ́ kí n ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná náà ṣe pupa tó, kò mọ ohun tí èèyàn fẹ́ pa, kò mọ ibi tó máa dúró sí. Ẹni tó máa bi oníbàárà léèrè ló ṣì ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ń yan iṣẹ́, ẹ má yàn án lára ògiri funfun. Ẹ lọ wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ní ibi tí ẹ̀gún wà, kí ẹ tó sọ pé ẹ rí i.

Ní ti Fọlárìn, mi ò bá a jà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ni mo mú kúrò nílé iṣẹ́ náà, awò tí mo yọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mi ò dá òrùka kékeré náà padà sínú rẹ̀. Awò náà wà lórí tábìlì oúnjẹ mi. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ pé òun lòun yan ẹlẹ́sẹ̀ nípọn, ẹ bá mi mú un wá sílé. Màá se oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá jẹun tán, màá gbé awò náà lé e lọ́wọ́, kó wá sọ fún gbogbo yín ohun tó rí.